Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ń Gbé Sá fún Afẹ́fẹ́

Ìwé tí Ọ̀gá kọ sí Ìyá Ìṣirò kò ju ìlà mẹ́ta lọ, síbẹ̀ àṣìṣe mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó mú bírò pupa, ó sì ń fàlà sí wọn nídìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Déètì tí wọ́n kọ kì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ipò iṣẹ́ tí wọ́n pè é mọ́ ti kúrò ní tirẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ní aago méjì ọ̀sán ni ẹ̀rọ bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Èyí tó burú jù ni ìlà tó kẹ́yìn: “Ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ba ẹ̀rọ ìwọn-afẹ́fẹ́ jẹ́.”

“Afẹ́fẹ́ kọ́ ló bà á jẹ́,” ó sọ ọ́ sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú yàrá. “Páànù ni. Páànù orí ilé ló fò wá lù ú. Ká tiẹ̀ wá ní afẹ́fẹ́ ni, kí ni wọ́n rà á fún?”

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́ tó wà lẹ́bàá òkun. Kó tó débẹ̀, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Ìyá Ìṣirò ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ń pè é bẹ́ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun a sì máa dá àwọn méjèèjì lóhùn bákan náà: á ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ ohun tó gbé wọn wá. Yàrá rẹ̀ ló kẹ́yìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fèrèsé tó kọjú sí òkun kò pa dé dáadáa, bébà ìròyìn tí wọ́n ká ni wọ́n fi há a. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń kùn bí ẹni tí kò sùn dáadáa.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn láti ṣàlàyé, àwọn tó bá sì ń kánjú ṣàlàyé rẹ̀ a máa ṣì í. Wọ́n á ní ó ń sọ bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe fẹ́. Rárá o. Afẹ́fẹ́ kì í lọ gbọọrọ bí omi inú páìpù. Ìyípo ló kún inú rẹ̀. Àwọn ńlá ń tú sí kéékèèké, àwọn kéékèèké ń tú sí èyí tó kéré jù wọ́n lọ, títí wọ́n á fi pòórá. Ìrúkèrúdò yìí ló ń ṣírò. Tí ìjì ńlá bá ń bọ̀ láti orí òkun, kọ̀ǹpútà á pín òfuurufú sí àpótí àpótí, àpótí kọ̀ọ̀kan á sì fẹ̀ tó odindi ìlú kékeré kan. Kọ̀ǹpútà kò lè rí ohun tó ń yí nínú àpótí. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ fi òǹkà kan ṣoṣo sọ fún un bí ìrúkèrúdò náà ṣe ń po afẹ́fẹ́ pọ̀ tó.

Tíì ló fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àlejò. Tí èèyàn bá ń fi ṣíbí ro tíì gbígbóná láìdáwọ́ dúró, tíì náà á tètè tutù. Bẹ́ẹ̀ ni ìjì inú kọ̀ǹpútà. Tí òǹkà ìpòpọ̀ bá pọ̀ jù, agbára ìjì á tú ká, ìjì á rọ̀ wọ̀ọ̀, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ jáde pé ọ̀rọ̀ kò le. Ìjì gidi tó wà lórí òkun kò ní mọ̀ pé wọ́n ti ní kí òun rọ̀.

Ohun tó mú un gbé ọ̀rọ̀ òǹkà yìí sọ́kàn kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí, òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, iṣẹ́ ìránṣọ náà ló sì fi rán an lọ sí yunifásítì. Àdúgbò ìsàlẹ̀ ló ń gbé, lódìkejì afárá, níbi tí òkun ti sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé débi pé iyọ̀ ń jẹ abẹ́rẹ́ maṣín. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọ́fíìsì ojú ọjọ́ kéde pé afẹ́fẹ́ ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan ń bọ̀. Ọgọ́rin lè já aṣọ kúrò lórí okùn, ó lè ṣí páànù tí wọn kò kàn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò, ó gbé bàsíà sábẹ́ ibi tó ń jò, ó sì jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó dé, bí wọ́n ṣe fi ohun tó wó díwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn náà, sún mọ́ àádọ́jọ. Ògiri yàrá ẹ̀yìn wó lé e lẹ́sẹ̀ òsì. Ọwọ́ lásán ni àwọn aládùúgbò fi hú u jáde. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ló fi ń rìn, ẹsẹ̀ kan ló sì fi ń tẹ maṣín.

Ní ọsibítù, kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, “Ṣé ọ́fíìsì yín kọ́ ló ní ọgọ́rin ni?”

Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni. Ìyá Ìṣirò tó ti fi ogún ọdún ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rí ìdáhùn wọn, òun náà kò lè ṣàlàyé tirẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ó sì gbà á tó ọdún márùn-ún. Ó kó gbogbo ìjì tí ọ́fíìsì ti sọ tẹ́lẹ̀ jọ, ó to ohun tí kọ̀ǹpútà sọ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó dé. Kò sí ìgbà kankan tí kọ̀ǹpútà sọ jù. Ìgbà gbogbo ló ń sọ dín. Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe ń ṣẹlẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ni, ìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ oríire tàbí orí burúkú. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sí. Ó tọpasẹ̀ òǹkà ìpòpọ̀ náà dé ibi tí wọ́n ti rí i, ó sì bá a nínú àkọsílẹ̀ òpó ìwọn-afẹ́fẹ́ tó wà lórí òrùlé ọ́fíìsì gan-an. Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ṣí i lójú ewé dé ojú ewé. Ní gbogbo ọjọ́ tí ìjì jà, àkọsílẹ̀ á máa lọ geere títí di wákàtí kan, lẹ́yìn náà á ṣófo.

Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Olópòó, ọkùnrin tó ń tọ́jú òpó náà. Ó kù fún un díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, aṣọ rírọ̀ kan kì í sì í wọ́n lápò rẹ̀, èyí tó fi ń nu ẹ̀rọ.

“Bàbá, ẹ jókòó. Ọjọ́ tí ìjì bá jà, àkọsílẹ̀ yín máa ń ṣófo. Ṣé iná ló ń lọ ni?”

“Iná kẹ̀? Iná ò lọ. Mo ti sọ ọ́ kalẹ̀ ni.”

“Ẹ sọ kí ni kalẹ̀?”

“Ẹ̀rọ, màdáàmù. Tí afẹ́fẹ́ bá ti lé ní ọgọ́ta, màá gun òkè, màá tú u, màá fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, màá gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù, màá tì í ní kọ́kọ́rọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé, nǹkan kan ò ha á lára.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró kí wọ́n yin òun.

“Bàbá. Ẹ̀rọ ìwọn-afẹ́fẹ́ ni àbí?”

“Òun ni.”

“Kí ló ń wọ̀n?”

“Afẹ́fẹ́ ni, màdáàmù. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?”

“Tí afẹ́fẹ́ bá wá dé tán ńkọ́?”

“Áà.” Bàbá Olópòó mi orí bí ẹni tó ń ṣàánú aláìmọ̀kan. “Ìyẹn kì í ṣe afẹ́fẹ́ mọ́. Ìjì nìyẹn.”

Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Ó mú un lọ wo ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn òrùlé. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ọn, òǹtẹ̀ Ọ̀gá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: nítorí pé ẹ̀rọ yìí ṣòro láti rí rà, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá kọjá ọgọ́ta. Ìyá Ìṣirò kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí ewé lásán ń mì ni wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tó mọ̀ nípa ìrúkèrúdò, wọ́n wá na ìmọ̀ náà gùn dé orí ìjì tó ń wó ilé. Bí ìgbà tí èèyàn bá wo ọmọ tó ń rákò, tó wá fi ṣírò bí àgbàlagbà ṣe ń sáré ni. Odindi ọ́fíìsì! Àwọn tó lọ sí ilé ìwé, tí wọ́n ń wọ táì!

“Bàbá, nígbà tí ìjì bá tún dé, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀.”

“Tí wọ́n bá wá bi mí?”

“Ẹ ní èmi ni.”

“Màá sọ bẹ́ẹ̀ o. N ò ní fi bò.”

“Ẹ má fi bò.”

Ìjì dé ní ìparí òjò ọdún náà. Ẹ̀rọ wà lórí òpó. Ó ń wọn afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún wákàtí mọ́kànlá gbáko, kí páànù ilé ìtajà kan tó fò dé, tó sì kán an sí méjì. Wákàtí mọ́kànlá yẹn ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ìyá Ìṣirò ṣírò títí ojú fi ń ro ó. Òǹkà tí wọ́n ń lò ju ìlọ́po méjì ohun tó yẹ lọ. Ó fi òǹkà tuntun tún ìjì mẹ́fà àtijọ́ ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Márùn-ún nínú wọn bọ́ sí ìtòsí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ọ̀kan sì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àádọ́jọ ó dín mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìwé Ọ̀gá dé, ti àṣìṣe mẹ́rin. Ó dá èsì padà lọ́jọ́ náà. Gbólóhùn kan ló kọ, “Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀,” ó wá so ogójì ojú ewé ìṣirò mọ́ ọn. Ọ̀gá kò fìyà jẹ ẹ́. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé òǹkà tuntun náà. Oṣù mẹ́jọ kọjá. Nígbà kan, alága kò sí nílé. Nígbà kejì, wọn kò pé. Nígbà tí wọ́n wá pé, ọ̀rọ̀ irú àga tí wọ́n máa rà sí yàrá ìpàdé ló gba gbogbo ọ̀sán. Ẹ̀rọ tuntun ní tirẹ̀ kò pẹ́ rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi dé, wọ́n sì lẹ bébà tuntun mọ́ ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ kan náà, òǹtẹ̀ kan náà.

Nígbà tó yá ni ìjì mìíràn kóra jọ lórí òkun.

Wọ́n fojú bù ú pé yóò gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìṣirò méjì ló wà nílẹ̀. Èyí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe pẹ̀lú òǹkà àtijọ́, àádọ́fà. Èyí tí Ìyá Ìṣirò ṣe pẹ̀lú òǹkà tuntun, ọgọ́sàn-án. Ó kó méjèèjì lọ bá Ọ̀gá ní aago mẹ́jọ. Aago mẹ́sàn-án, rédíò kéde àádọ́fà, bí Ọ̀gá ṣe sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kẹ́rù yín. Ẹ kúrò níbẹ̀ lónìí, kí omi tó gba orí afárá.”

Ó ń gbọ́ ìró maṣín, kò dúró. “Rédíò ní àádọ́fà.”

“Rédíò ṣì í. Ọgọ́sàn-án ni.”

Maṣín dúró. “Ta ló wá sọ àádọ́fà fún rédíò?”

“Ọ́fíìsì wa ni.”

“Ọ́fíìsì yín sọ àádọ́fà fún gbogbo ayé, ìwọ wá ń sọ ọgọ́sàn-án fún èmi nìkan nínú fóònù.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò gba àríyànjiyàn.”

“Mi ò bá ẹ jiyàn. Ìyá tó bí ìbejì wà ní ojúlé kejì, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá. Baálé ilé tó wà lẹ́yìn mi ò lè dìde ńlẹ̀. Àwọn tó hú mi jáde lọ́jọ́sí, gbogbo wọn ló ń gbọ́ rédíò. Ṣé kí n dìde báyìí, kí n gbé ọ̀pá mi, kí n máa kọjá níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Tí wọ́n bá ní ‘Ẹ ń lọ ibo?’ kí n ní kí ni?”

“Ẹ sọ fún wọn.”

“Wọ́n á ní ta ló sọ. Màá ní àbúrò mi. Wọ́n á ní àbúrò yín tó wà ní ọ́fíìsì tó ní àádọ́fà? Gbọ́, àbúrò mi. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Tí ẹ ò bá lè sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, má sọ ọ́ fún èmi nìkan.” Maṣín tún bẹ̀rẹ̀. “Aṣọ ilé ìwé mẹ́fà ló wà nílẹ̀ níbí.”

Ó ti pa fóònù. Ìyá Ìṣirò bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó wá rí i pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ló yẹ kóun bínú sí. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àṣìṣe kan ṣoṣo lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ náà. Ọgọ́sàn-án náà ni.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni ìkéde kejì, òun ló sì kẹ́yìn tó lè ran àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, torí wọ́n máa ń ti afárá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ní aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, Ọ̀gá gbé bébà ìkéde náà síwájú rẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Àádọ́fà. Ibi ìbuwọ́lù nìkan ló ṣófo.

Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú, ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í pariwo, kì í jalè, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé ni kí wọ́n ní ó yí ọ̀rọ̀ padà.

“Màdáàmù, ẹ bá wa buwọ́ lù ú. Rédíò ń dúró.”

“Mi ò ní buwọ́ lù ú, sà.”

“Kí ló dé?”

“Kì í ṣe òótọ́.”

“Ìgbìmọ̀ ò tíì fọwọ́ sí òǹkà yín.”

“Ìgbìmọ̀ ò lọ sí ìsàlẹ̀, sà. Ìgbìmọ̀ ò ní ògiri tó fẹ́ wó lù ú.”

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. A sọ àádọ́fà láàárọ̀. Tá a bá ní ọgọ́sàn-án lọ́sàn-án, wọ́n á ní a ò mọ ohun tá à ń ṣe.”

“A ò sì mọ ọ́n!”

“Tí gbogbo wọn bá sá, tí kò wá le ńkọ́? Ṣé wọ́n á gbọ́ tiwa mọ́?”

“Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọn ò sá, ó sì le. Ṣé ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ tiwa? Èmi béèrè. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà ló dá mi lóhùn láàárọ̀ yìí.”

“Màdáàmù, àṣẹ ni mò ń pa.”

“Ìlànà kẹrin, sà.” Kò gbé ohùn sókè, ohùn tó fi ń dá kíláàsì tó ń pariwo dúró ló lò. “Ìkéde kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni tó ṣe ìṣirò rẹ̀ buwọ́ lù ú. Èmi kọ́ ni mo ṣe ìṣirò tó wà lórí bébà yìí. Ọgọ́sàn-án ni mo ṣe. Ẹni tó bá ṣe àádọ́fà ni kó buwọ́ lù ú.”

“Ẹ fẹ́ fi ìlànà mi mú mi?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà. Ìwé tó dára ni.” Ó ti bírò sọ́dọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì. “Ẹ buwọ́ lù ú fúnra yín, sà. Bébà náà rèé.”

Ọ̀gá wo bírò náà. Kò mú un. Níbẹ̀ gan-an ni inú Ìyá Ìṣirò ti bàjẹ́ jù lọ lọ́jọ́ náà, torí ó rí i kedere pé ọkùnrin yìí pàápàá kò gba àádọ́fà gbọ́ dé ibi tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ Ìyá Ìṣirò ló kàn ń wá. Aago mẹ́ta lù. Fóònù rédíò dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó tún dún. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, wọ́n jókòó, bébà wà láàárín wọn. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnì kan ń rán aṣọ ilé ìwé.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá Olópòó ni, aṣọ rírọ̀ lọ́wọ́, èémí rẹ̀ ń sáré.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ó ti di ọgọ́ta. Ṣé kí n sọ ọ́ kalẹ̀?”

Ìyá Ìṣirò na ọwọ́ sí i, bí ẹni tó ń fi ohun tó kọ sójú pátákó han ọmọ kíláàsì.

“Ẹ rí i, sà? Ẹ rí i báyìí? Ìjì ò tíì dé, a ti fẹ́ di ojú wa.”

Bàbá Olópòó wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. “Sà, tí ẹ bá bi èmi,” ó ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi í, “ẹ jẹ́ kó wà lókè. Mo ti ń sọ ọ́ kalẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Láti ìgbà tí màdáàmù ti bi mí léèrè nípa ìjì yẹn ni n ò ti sùn ire. Oṣù mélòó ló kù tí màá fi lọ sílé? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé wíwé ẹ̀rọ ní búláńkẹ́ẹ̀tì nìkan ni màá ní mo ṣe kí n tó lọ sílé.”

Ọ̀gá ya bébà àádọ́fà sí méjì, ó rọra ń ya á, etí dọ́gba.

“Ẹ fi sílẹ̀ lókè,” ó ní. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ìyá Ìṣirò. “Ẹ kọ tiyín. Ẹ buwọ́ lù ú. Orúkọ yín nìkan ló máa wà níbẹ̀ o. Mi ò sí níbẹ̀.”

“Orúkọ mi nìkan,” ó ní. “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ti jẹ apá kan nínú àkókò àwọn èèyàn yẹn.”

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ni rédíò kà á: ọgọ́sàn-án, kí gbogbo ará ìsàlẹ̀ rékọjá afárá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ láago. Nígbà tó di aago márùn-ún, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láago, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló gbé fóònù ẹ̀gbọ́n náà, ariwo kún ẹ̀yìn rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n sọ fún yín pé àwọn ń gbé ìbejì rékọjá afárá lọ́wọ́,” obìnrin náà ní, ó sì pa á.

Ìjì gúnlẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì kọjá díẹ̀. Ẹ̀rọ kà á dé àádọ́sàn-án ó lé mẹ́rin. Ilé mọ́kànlélógún ló wó ní ìsàlẹ̀. Ọkùnrin méjì tó dúró ṣọ́ ẹrù wọn fara pa gan-an. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n gbọ́ àádọ́fà, wọn kò sì tan rédíò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá Ìṣirò kọ iye wọn sínú ìwé rẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun yọ̀ tí wọn kò bá kọ́kọ́ dárúkọ àwọn méjì yẹn.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó rìn lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé tó wà lórí òkè, ibi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì nídìí ògiri, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé ẹrù, aṣọ ilé ìwé kan wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá etí rẹ̀.

“Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ewu iná. Bẹ́ǹṣì yìí le ju ìjì yín lọ. Jókòó.” Ó fi eyín já òwú. “Mo ní kí n bi ẹ́. Ẹ mọ ti èyí. Kí ló dé tí ẹ ò mọ ti ọjọ́sí?”

Ọdún mẹ́fà ni ìbéèrè yìí ti wà láàárín wọn. Ìyá Ìṣirò kò wá ọ̀rọ̀ dídùn kankan.

“Ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn afẹ́fẹ́. Tí ìjì bá ti ń bọ̀, wọ́n á gbé e pa mọ́. Torí náà kọ̀ǹpútà ò rí ìjì rí.”

“Wọ́n gbé e pa mọ́ torí kí ni?”

“Kó má bàá bàjẹ́.”

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò pẹ́ níbẹ̀, ó gbójú kúrò.

“Kí ẹ̀rọ má bàá bàjẹ́,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ta ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀gá wa. Àwa yòókù náà ń kọjá lára bébà náà lójoojúmọ́. Èmi náà kọjá lára ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí n tó kà á.”

Ẹ̀gbọ́n ká aṣọ náà, ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Gbé ọ̀pá mi fún mi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, òjò ṣì ń rọ̀ níta. Ẹ ò lè dé ọ́fíìsì lónìí.”

“Ta ló ní mo ń lọ síta? Àwọn tí ògiri wó lù lọ́jọ́sí kì í ṣe èmi nìkan. Mẹ́rin wà nínú gbọ̀ngàn yìí, méjì wà nídìí fèrèsé yẹn. Ohun tó o sọ fún mi yìí, wá sọ ọ́ fún wọn. Bó o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Má yọ bébà yẹn kúrò, má sì yọ ara ẹ kúrò.”

Ìyá Ìṣirò gbé ọ̀pá náà fún un, ó sì na apá kó lè fi gbé ara rẹ̀ dìde. Wọ́n gba àárín àwọn ẹrù àti àwọn tó sùn kọjá, wọ́n dé ìdí fèrèsé. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè,” ẹ̀gbọ́n ní, ó sì fi ọ̀pá tọ́ka sí àbúrò rẹ̀. “Ọ́fíìsì ojú ọjọ́ lèyí ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ohun tó fẹ́ sọ fún yín nípa ọgọ́rin ọjọ́sí.”